Igi Tí Iná Lé Wọ Àfonífojì

Lẹ́sẹ̀ Òkè Mulanje, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń pàtẹ àpótí kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà gòkè. Ẹni tó bá ṣí ọ̀kan nínú wọn, òórùn ni yóò kọ́kọ́ kí i: òórùn oje igi tó ń ta sánsán, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n gé igi ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ó lè ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Òróró tó wà nínú igi náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró yìí kan náà ni ikán kò fẹ́ rí sójú. Ikán á dé ìdí pákó rẹ̀, á wò ó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn apẹja Adágún Màláwì ń fi kan ọkọ̀ ojú omi, torí kì í tètè jẹrà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè é ní Nyasaland, òun ni wọ́n ń wá kiri fún òrùlé, fèrèsé àti àga.

Kédárì Mulanje ni igi yìí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Widdringtonia whytei, àwọn tó ń sọ Chichewa sì ń pè é ní mkungudza. Ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ kédárì Lẹ́bánónì tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì. Níbi tí Bíbélì tiwa ti pe kédárì, mkungudza ni Bíbélì Chichewa pè é. Àmọ́ àwọn igi méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Kédárì Lẹ́bánónì bá igi páìnì tan, nígbà tí ti Mulanje jẹ́ ọmọ ìdílé sáípírẹ́sì. Òórùn ló tan àwọn òyìnbó tí wọ́n fi sọ ọ́ ní kédárì, orúkọ náà sì mọ́ igi lára.

Àti páìnì, àti sáípírẹ́sì, àti kédárì, gbogbo wọn wà nínú agbo tí wọ́n ń pè ní kónífà: igi tí kì í tan òdòdó, tó jẹ́ pé inú kóònù líle, tó ń ṣí bí ìgbà tí ìpẹ́ ẹja bá gbé sókè, ni irúgbìn rẹ̀ ti ń jáde. Irú wọn kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páìnì, tó máa ń súfèé tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú létí òkun Èkó, kì í ṣe páìnì rárá. Casuarina lorúkọ rẹ̀, ó sì ń tan òdòdó bí àwọn igi yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó ọ̀hún kéré débi pé ẹni tí kò bá wá a kò ní í rí i.

Nínú gbogbo ayé, ibì kan ṣoṣo ni kédárì Mulanje ti ń dá hù fúnra rẹ̀: orí Òkè Mulanje. Kò sí lórí òkè kejì. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé igi náà ló ṣa ibẹ̀ yàn, pé ibẹ̀ nìkan ló bá a lára mu. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rí igi yìí lónìí kì í ṣe ibi tó wù ú bí kò ṣe ibi tí iná àti ayùn kò tíì dé bá a.

Ẹni tó bá ti dúró nísàlẹ̀ Ìdànrè rí, tó gbójú sókè wo àpáta, ti rí àbúrò Mulanje. Irú òkè kan náà ni wọ́n: àpáta tó le, tó dá dúró sáàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ ni òjò ti fọ̀ kúrò ní àyíká rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Ṣùgbọ́n ti Mulanje ga ju ti Ìdànrè lọ fíìfíì. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí i ká, níbi tí oko tíì ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ, kò fi púpọ̀ ju 600 sí 700 mítà lọ lókè òkun. Góńgó òkè náà, tí wọ́n ń pè ní Sapitwa, jẹ́ 3,002 mítà. Láàárín méjèèjì ni àwọn ilẹ̀ títẹ́jú wà lókè lọ́hùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀: Chambe, Lichenya, Sombani, Madzeka. Koríko ló bo ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ lálẹ́.

Àwọn ará àdúgbò náà gbà pé òkè náà ní àwọn tó ni ín. Wọ́n a máa sọ pé ẹni tó bá ń gòkè lè ṣàdédé bá oúnjẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé sè é. Kó jẹ ẹ́, kó yó, àmọ́ kò gbọdọ̀ dì í mọ́ra lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ló ń túmọ̀ orúkọ Sapitwa sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í dé. Ní oṣù Keje ọdún 2025, UNESCO fi Mulanje kún àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé, nítorí òkè náà àti nítorí ìgbàgbọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní nípa rẹ̀.

Omi ló jẹ́ kí òkè náà yàtọ̀. Tí atẹ́gùn tútù bá ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà gúúsù òun ìlà-oòrùn, tó gba orí Mòsáḿbíìkì kọjá, Mulanje ni yóò fi orí sọ. Atẹ́gùn náà á gòkè, á di kùrukùru, á sì máa sẹ̀ wẹliwẹli fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Chiperoni ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó ti ara òkè kan ní Mòsáḿbíìkì wá. Nígbà tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá gbẹ táútáú, igbó orí òkè ṣì ń mu omi inú kùrukùru. Àwọn igi ilẹ̀ náà a máa hu irùngbọ̀n: èéhù eléwú tó máa ń rọ̀ wọ̀ọ̀rọ̀ láti ara ẹ̀ka, tó fi ń dà bíi pé igi ọ̀hún ti darúgbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Nǹkan bí irú ewéko 70 ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, àwọn ọ̀gà kan sì wà tó jẹ́ pé ìlú ìbí wọn kan ṣoṣo nìyẹn.

Nínú gbogbo ilẹ̀ yìí, kédárì kò gba ju ìwọ̀nba lọ. Láti nǹkan bí 1,500 mítà lọ sókè ni ó ti ń hù, kì í sì í tò lọ gbọrọrọ bí igbó ńlá. Agbo agbo ló wà: agbo kan nínú àfonífojì, agbo mìíràn lẹ́bàá odò, òmíràn lábẹ́ àpáta tó ga bí ògiri. Láàárín agbo kan sí èkejì, koríko ni. Ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú á rí i bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ tó igbó náà síbí, tó tún tó o sọ́hùn-ún. Nínú agbo kan tó ṣì pé, àwọn igi ńlá náà a máa lọ sókè tààrà, àwọn kan ga tó 40 mítà, láìní ẹ̀ka nísàlẹ̀. Gẹdú tí ẹni tó ń la pákó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run gan-an nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú kòtò àti ìdí àpáta nìkan? Iná ni.

Lórí òkè kan náà, kédárì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan, Widdringtonia nodiflora, igi kúkúrú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju igbó ṣúúrú lọ. Àwọn méjèèjì jọra débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ kan kà wọ́n sí ọ̀kan. Ọdún 1997 ni Pauw àti Linder gbé ìwádìí jáde tó yà wọ́n sọ́tọ̀ gédégbé. Ohun tó dùn mọ́ni jù nínú ìyàtọ̀ wọn ni bí wọ́n ṣe ń bá iná gbé. Tí iná bá jó nodiflora kanlẹ̀, ìdí rẹ̀ á tún rú, bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bẹ́ ẹ. Nítorí bẹ́ẹ̀, nodiflora wà káàkiri, láti gúúsù pátápátá ní Gúúsù Áfíríkà títí dé Mulanje. Kédárì ńlá ò lè rú mọ́. Tí iná bá ti pa á, ó kú nìyẹn. Irúgbìn nìkan ló lè gbapò rẹ̀.

Irúgbìn náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ kédárì kò lè dàgbà nínú òkùnkùn abẹ́ igbó tó dí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́pọ̀ ọdún tí iná ńlá bá wọ inú agbo, tó jó díẹ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ á là, oòrùn á dé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ igi á sì hù papọ̀. Èèpo àgbà igi nípọn, ó lè la irú iná bẹ́ẹ̀ já. Ìdí nìyí tí àwọn igi inú agbo kan fi sábà máa ń dà bí ẹgbẹ́, bí ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún kan náà. Nítorí náà, iná kì í ṣe ọ̀tá kédárì látilẹ̀wá. Ọ̀rọ̀ ìgbà ni. Iná tó wá lẹ́ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe é lóore. Èyí tó ń wá lọ́dọọdún ń pa gbogbo ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó ga dé orúnkún ènìyàn.

Iná ọdọọdún sì ni ti Mulanje. Láti bí oṣù Kẹjọ, nígbà tí koríko ti gbẹ, ọdẹ á ti iná bọ igbó láti lé ẹran jáde, ẹni tó ń wá oyin á fi èéfín lé kòkòrò oyin, àgbẹ̀ tó ń sun oko lẹ́bàá òkè kò ní í lè ká iná rẹ̀ mọ́. Iná á bá koríko gòkè bí ẹni tó ń sáré. Ibi tó bá kan odò, tàbí tó bá forí sọ àpáta lásán, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ibẹ̀ náà sì ni kédárì kù sí.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Gúúsù Áfíríkà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ìbátan kédárì Mulanje kan wà lórí àwọn òkè Cederberg, ní àríwá Cape Town. Ara rẹ̀ gan-an ni òkè náà ti gba orúkọ. Òun náà wà ní bèbè ìparun. Ní ọdún 1879, wọ́n gé nǹkan bí 7,200 ọ̀dọ́ igi níbẹ̀ láti fi ṣe òpó wáyà láàárín Piketberg àti Calvinia. Iná jó èyí tó kù. Lónìí, sàkàṣákà àpáta ni wọ́n ti ń rí i, níbi tí kò sí koríko tí iná lè jẹ. Òkè méjì tó jìnnà síra wọn, igi méjì, ìtàn kan náà.

Ìtàn kédárì Mulanje nínú ìwé kò pẹ́ púpọ̀. Ọdún 1859 ni David Livingstone rí òkè náà. Ọdún 1891 ni Alexander Whyte, tó ń kó ewéko jọ fún ìjọba, gòkè lọ, tó sì mú ẹ̀ka, ewé àti kóònù bọ̀. Ní 1894, Rendle, onímọ̀ ewéko kan ní London, ṣàpèjúwe igi náà, ó sì fi orúkọ Whyte pè é. Nínú ẹrù kan náà tí Whyte kó ránṣẹ́ ni kónífà mìíràn wà, Podocarpus milanjianus, tí Rendle fi orúkọ òkè náà sọ. Èyí kan àwa ará Nàìjíríà. Podocarpus náà kò dúró sí Mulanje nìkan. Ó wà lórí ọ̀pọ̀ òkè káàkiri Áfíríkà, títí dé àwọn òkè wa tó wà lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Òkè kan náà ni wọ́n ti mú àwọn igi méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n sọ wọ́n lórúkọ: ọ̀kan rìn ká ilẹ̀ Áfíríkà, èkejì kò kúrò nílé.

Ẹnì kan tún so Mulanje pọ̀ mọ́ àwọn òkè wa. J. D. Chapman, tó bójú tó igbó Mulanje nígbà ayé òyìnbó, kọ̀wé nípa ewéko rẹ̀ ní 1962, ó sì padà kọ odindi ìwé lórí kédárì ní 1995. Ní àárín kan, ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó rìn káàkiri àwọn igbó orí òkè tó wà ní ìlà-oòrùn àríwá wa. Ìwé tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hazel Chapman, kọ lórí igbó ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa jáde ní 2001. Hazel ló dá iṣẹ́ ìwádìí igbó orí òkè sílẹ̀ ní Ngel Nyaki, ní Taraba.

Ọ̀rọ̀ ayùn ló kù. Láti ìgbà tí òyìnbó ti rí bí igi náà ṣe wúlò tó ni wọ́n ti ń gé e. Ìjọba sọ òkè náà di igbó ọba ní 1927, ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda ṣì wà fún àwọn tó ń la gẹdú. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé igi lé e, ẹnì kan á dúró sókè, ẹnì kejì nísàlẹ̀, ayùn á sì máa lọ á máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan á gbé pákó rù, á fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà, ní ọ̀nà tí àlejò ń fi ọ̀pá gùn. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó nǹkan kan lára iye tí pákó náà ń jẹ́ nígboro. Ẹni tó bá fẹ́ bú àwọn ọ̀dọ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí pé agbègbè Mulanje wà lára ibi tí èrò pọ̀ jù tí ilẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n jù ní Màláwì.

Hastings Banda, ààrẹ Màláwì nígbà náà, kéde kédárì ní igi orílẹ̀-èdè náà ní 1984. Iyì yẹn kò dá ayùn dúró. Ní 1989, nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ tí kédárì gbà, wọ́n rí 1,462 hẹ́kítà, èyí tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ òkè náà. Ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 845 hẹ́kítà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta igi tó ṣì wà lórí ìdúró sì ti kú. Ọmọ igi tó ń hù kò tó nǹkan. Ìgbà tí ọdún 2010 sí 2019 fi máa kọjá, igi tó ti gbó dáadáa ti di ohun tí ènìyàn ń wá kí ó tó rí. Àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ohun abẹ̀mí tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́ pátápátá.

Àwọn ìyọnu mìíràn tún wà, tí kò yẹ kó gba àkókò púpọ̀. Kòkòrò kan tó ń fa omi ara sáípírẹ́sì mu wọ Màláwì ní 1986. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tú agbọ́n kékeré kan tó ń pa á sílẹ̀. Páìnì Mẹ́síkò tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó gbìn sí Chambe láti fi dáàbò bo kédárì wá di àlejò tó lé onílé: irúgbìn rẹ̀ fò káàkiri, ó ń yára ju kédárì lọ, ó sì ń gba ilẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ìjì Freddy mú kí ilẹ̀ ya lára òkè náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò nísàlẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ pé ibi tí iná kò dé ni kédárì kù sí, ó yẹ kó lè dàgbà níbòmíràn tí wọ́n bá gbìn ín, tí wọ́n sì ṣọ́ ọ. Ó sì ń dàgbà. Wọ́n ti gbìn ín sí orí òkè Zomba tipẹ́, ó sì ṣe dáadáa. Láti 2016 ni àjọ Mulanje Mountain Conservation Trust, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba Màláwì àti ẹgbẹ́ àwọn ọgbà ewéko àgbáyé, BGCI, ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kan: wọ́n ń gbìn ín káàkiri Màláwì láti mọ ibi tó lè gbé, wọ́n sì dá nọ́sìrì sílẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Mulanje ká.

Nínú nọ́sìrì bẹ́ẹ̀, ọmọ kédárì kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi pé wọ́n bu eérú díẹ̀ mọ́ ewé tútù. Ó dìgbà tó bá dàgbà kó tó paàrọ̀ rẹ̀ sí ewé wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí ìpẹ́. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin abúlé ló ń bomi rin ín nínú ọ̀rá dúdú, àwọn náà ló ń rù ú gòkè, àwọn kan lára wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó ru pákó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ti gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Púpọ̀ ti kú, torí ọ̀dá, torí iná, tàbí torí pé ibi tí wọ́n gbìn ín sí kò bá a mu. Èyí tó yè ní láti lo ọ̀pọ̀ ọdún kí kóònù tó hàn lórí rẹ̀, ó sì máa ju ìgbésí ayé ènìyàn kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè la pákó gidi lára rẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà kò fi parí sí gbígbìn. Kí koríko tó gbẹ tán lọ́dọọdún, àwọn ará abúlé á mú ọkọ́ àti àdá gòkè, wọ́n á ro ilẹ̀ gbọrọrọ yí àwọn agbo kédárì ká, títí kò ní í ku ewé gbígbẹ kan tí iná lè gùn kọjá. Wọ́n ń sanwó fún wọn, iṣẹ́ náà kò sì ní ìjà ọlọ́pàá nínú. Lọ́dún tí owó kò bá wọlé lásìkò, ilẹ̀ náà kì í ní ẹni tó máa ro ó, oṣù Kẹjọ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.